Ẹní Pupa Tí A Kì í Tẹ̀

Sabon Gari, Zaria
Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, 1927

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ọyẹ́, mo kí yín kú ọdún titun. Ṣé orúnkún yín kò dùn yín mọ́? Ara tèmi le, àfi ètè mi tí ó là. Ọyẹ́ Zaria kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Òfà rárá. Omi àárọ̀ ń ta ni léyín.

Ìwé yín tí Ọmọlará àbúrò mi bá yín kọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí n ó wá gbé Mobọ́lá níyàwó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, n ó gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ibùdókọ̀ ojú irin, n ó sì wá. Ẹ bá mi bẹ àwọn òbí rẹ̀.

Inú mi dùn jọjọ lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì lè pa á mọ́ra. Mo ti ra ẹní kan, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà pọ́ńbélé! Ọwọ́ Malam Sàlíhù, Gàmbàrí kan tí ń gbé inú birni, ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, ni mo ti rà á. Àwọn tí ń ti Mẹ́kà bọ̀ ni wọ́n mú un wá. Ẹ kò rí i! Ó pupa fòò, ara rẹ̀ ń dán. Ó ti dàgbà o, ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀, bí ó bá ṣe ń dàgbà tó ni ó ń níyì tó. Ìkẹta tí mo ní nìyí. Ọ̀gá mi òyìnbó náà ń kó wọn jọ. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń mọ èyí tí ó dára: a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fínnífínní. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n fi èyí fún òun, mo kọ̀.

Ìdọ̀tí pọ̀ lára rẹ̀ nígbà tí mo mú un délé. Mo gbé e sí oòrùn lẹ́yìnkùlé, mo fi ọ̀pá nà án dáadáa. Yàrá mi ni ó wà báyìí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún Mobọ́lá pé bí ó bá dé, kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà láìfọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tí yóò gbé ìwé yìí ti ń fọn fèrè, n kò ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọlará, ìwọ tí o jẹ́ tíṣà, bá mi fi wọ́n sí i kí o tó kà á fún ìyá wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Dúrójaiyé


Òfà
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní, 1927

Dúrójaiyé,

N kò kí ọ. Ọmọlará ní kí n kí ọ, pé bí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò kí ọ.

Mo ní kó ka ìwé rẹ fún mi, mo ní kó tún un kà, ohun kan náà ni ó ń sọ. Ìwọ Dúrójaiyé, ọmọ tí mo fi orúkọ bẹ̀ pé kó dúró jayé, ayé tí o dúró jẹ náà nìyí? O ra ènìyàn! Ènìyàn ẹlẹ́ran ara! O ti ní méjì tẹ́lẹ̀, o tún fi ẹ̀kẹta kún un! O dojú rẹ̀ délẹ̀, ò ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí ẹni tí ń ra ẹṣin. O gbé e sínú oòrùn, o nà án lọ́pá. O wá fi í pamọ́ sí yàrá, ò ń ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ pé kó fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé tọ̀ ọ́! Kí ni Mobọ́lá fi ṣe ọ́?

O ti gbàgbé ìyá mi. Ìyá àgbà tí ó pọ̀n ọ́, tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pè ní Ìyá Kákitáká nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣì ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré nígbà tí ogun kó o lọ. Zaria náà ni wọ́n tà á sí, Zaria tí ìwọ ti ń jẹun lónìí. Nígbà tí ó padà dé, mo ti bí ọ, n kò sì dá a mọ̀. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó ń jókòó títí ó fi kú. Bí a bá tẹ́ ẹní fún un, yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò máa wí pé, "Kákitáká, kákitáká," ẹ̀yin ọmọdé yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó wá ń ra ènìyàn níbẹ̀! Òyìnbó tí ó ní òun ti fòpin sí òwò ẹrú, òun náà ló wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n!

Tú wọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún wọn ní oúnjẹ ọ̀nà, fún wọn ní aṣọ tí ó nípọn, kí o fi wọ́n sínú ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti wá. Bí ó bá ṣe Páṣíà tí alùfáà máa ń dárúkọ lórí àga ìwàásù ni, kí ó jẹ́ Páṣíà. Bí o kò bá ṣe é, má pè mí ní ìyá mọ́. Mobọ́lá kò sì ní wọ ilé tí a ti ń na ẹrú.

Èmi Clara, tí mo bí ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ọmọlará ni mo fi èyí kún un. Bí ìyá wa ṣe wí ni mo kọ ọ́, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Ojú ń tì mí pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́.


Òfà
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, 1927

Dúrójaiyé,

Ọkọ̀ ń ti òkè bọ̀, ọkọ̀ ń lọ, n kò rí ìwé rẹ. O dákẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í dákẹ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà tọ alùfáà wa lọ. Ó di orí mú. Ó ti kọ̀wé sí àwọn àgbà ìjọ yín ní Sabon Gari pé kí wọ́n lọ gba àwọn ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́ rẹ. Mobọ́lá ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ kọjá lójúde mi lánàá, kò yà kí mi. Èmi tí mo ń gbé orí sókè láàárín àwọn obìnrin ìjọ, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà lọ pọnmi báyìí.

Bí o bá ṣì ní ẹnu, sọ̀rọ̀.

Clara


Sabon Gari, Zaria
Ọjọ́ keje oṣù kẹta, 1927

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ìbínú kò jẹ́ kí n kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò dákẹ́, n kò sí nílé ni. Wọ́n rán mi lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Bukuru, lójú irin kékeré. Ọjọ́ Ẹtì tí mo dé, mo bá ìwé yín méjèèjì lábẹ́ ilẹ̀kùn. N kò tíì kà wọ́n tán tí mo gbọ́ ariwo níta. Bàbá Albert tí ó jẹ́ àgbà ìjọ wa ló ṣáájú. Ernest, ọ̀gá àwọn akọrin, tẹ̀lé e. Wọ́n mú Yàkúbù dání, Hausa tí ń ṣọ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé kóńdó lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ti pé sẹ́nu ọ̀nà mi.

Bàbá Albert ní, "Níbo lo kó wọn sí?"

Mo ní, "Kí ni, bàbá?"

"Àwọn ènìyàn tí o rà! Ìyá rẹ ti kọ̀wé!"

Ìyá mi, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn mi. Wọ́n ṣí àgbá omi mi wò. Ernest dúró sójú fèrèsé, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jáde wá o, ẹ má bẹ̀rù, a ti dé." Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ẹní! Ẹní ni mo rà! Ẹní tí à ń tẹ́ sílẹ̀! Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, wọ́n fi ọwọ́ so kókó òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíńtín báyìí, títí ó fi kún yàrá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kókó náà ti ń hàn, ìdí tí a fi ń yẹ ibẹ̀ wò nìyẹn. Eruku ni mo fi ọ̀pá nà jáde lára rẹ̀! Àwọn ẹni mẹ́ta tí ẹ ní kí n fún ní oúnjẹ ọ̀nà, mo ká wọn sínú àpótí!

Mo wí, mo tún un wí, Bàbá Albert kò gbà, ó ní àfi kí òun fi ojú rí i. Ó wọ́ ẹní náà jáde nínú àpótí, ó jù ú sí ojúde. Ẹní tí mo fi gbogbo ọkàn mi tọ́jú, tí mo fi du òyìnbó! Ó ṣí sílẹ̀ sínú erùpẹ̀. Yàkúbù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó kún fún eruku, ó fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Mo kígbe mọ́ ọn ní Hausa pé, "Kar ka taka!", èyí ni pé, má tẹ̀ ẹ́! Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pa ẹnu dé. Àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ bí mo ti ń kọ̀wé yìí, láàárín gbùngbùn, lórí àwòrán igi tí ẹyẹ bà lé.

Wọ́n lọ, wọn kò tọrọ àforíjì. Bàbá Albert ní kí n má ṣe jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Irú kí ni? Àwọn ọmọdé àdúgbò ti sọ mí ní Mai Bayi, olówó-ẹrú. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, wọn yóò máa pè é tẹ̀lé mi.

Ọmọlará, tíṣà ni ọ́, o kò sì mọ ẹní yàtọ̀ sí ẹnì kan? Ọlọ́run ló mọ ohun tí o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ dùn mí jù, ìyá mi. Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ kò kọ́kọ́ béèrè pé, "Dúrójaiyé, kí ni o wí yìí?" Ọmọ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́, ẹ rò pé ó lè dé ibì kan kí ó máa na ènìyàn lẹ́yìnkùlé. Ẹ lọ sọ fún Mobọ́lá pé ẹní ni. Ẹ lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ bí ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́.

Dúrójaiyé


Òfà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, 1927

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira. Mo ti kí yín tán, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ẹ kò ní bú mi gbé.

Ta ló ní kí n fi àmì sí i? Ọ̀rọ̀ náà wà níhòòhò níwájú mi. Ẹ ní ẹ rà á, ẹ ní ọmọ ilẹ̀ Páṣíà ni, ẹ ní ara rẹ̀ ń dán, ẹ ní òyìnbó ń du ú mọ́ yín lọ́wọ́. Ta ló ń pe ẹní lọ́mọ? Mo kọ́kọ́ fi àmì òkè sí i, mo kà á, mo wò ó pé kò sí ọkùnrin tí yóò fi odidi ìwé yin ẹní bẹ́ẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo fi ti ìsàlẹ̀ sí i, ó di ẹnì kan. Bí ẹ bá tún kọ̀wé, ẹ gbọ́ ti ara yín.

Mo ti sọ fún Mobọ́lá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kì í fọ ẹsẹ̀ nítorí ẹní. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ ìyàwó tí yóò máa fò ó bí ẹni ń fo gọ́tà, kí ẹ wá a sí Páṣíà.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń ka ìwé yín, pàápàá níbi àgbá omi. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ gbé kígbe mọ́ Yàkúbù, ẹ̀rín náà gé. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ Hausa náà kà, mo sì ń tún un kà ṣáá. Ó dìde, ó lọ dúró nínú yàrá ìyá àgbà, ó ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀ fún un tutù síbẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀túnla, pé òun ní ọ̀rọ̀ tí n ó bá òun kọ.

Àbúrò yín,
Ọmọlará


Òfà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 1927

Dúrójaiyé, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti gbọ́ pé ẹní ni. Mo ti sọ ọ́ lójú ìjọ, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn náà tọ́ sí mi. O ní n kò bi ọ́ léèrè. Òótọ́ ni. Bí a bá dárúkọ Zaria àti ríra ènìyàn pọ̀ létí mi, n kì í lè dúró béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí o kígbe mọ́ ọkùnrin nì. Kar ka taka. Dúrójaiyé, ọ̀rọ̀ ìyá mi nìyẹn! Kákitáká! Gbogbo ìgbà tí ó fi wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wí. A ní ìyà tó jẹ ẹ́ ló dà á lórí rú. Ẹ̀yin ọmọdé fi ṣe orin. Èmi ọmọ rẹ̀, èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín rí.

Ó ti sọ fún mi rí pé ẹní pupa ńlá kan wà ní ilé olówó rẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń gbé e síta láràárọ̀, òun ló ń fi ọ̀pá nà án, òun ló ń tẹ́ ẹ padà. Mo rò pé ó ń fi ilé ọlọ́rọ̀ ṣe fáàrí fún wa ni. N kò bi í bóyá ó fi ìdí kàn án rí. Ó di àárọ̀ àná kí ó tó yé mi. Ẹni tí ó ń tẹ́ ẹ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kó má tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé e délé. Ẹní oko tí èmi ọmọ inú rẹ̀ tẹ́ fún un, kò lè tẹ̀ ẹ́.

Inú ń bí mi. Mo ń wá ẹni tí n ó dìmú, n kò rí, àwọn olówó rẹ̀ ti kú, a sì sin wọ́n pẹ̀lú ọlá. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀ tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ tí ó pọ̀n.

N kò bi ọ́ bóyá ẹní yẹn náà ni. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Pupa ni, láti Zaria ni, ó tó mi. Mú un wá fún mi, èyí tí o fi du òyìnbó. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi ni mo fẹ́ tẹ́ ẹ sí, kí gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé máa tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ẹni tí ó bá ń jáde máa tẹ̀ ẹ́. Ẹní ni à ń tẹ̀, Dúrójaiyé. A kì í tẹ ènìyàn.

Ohun kan ló kù tí kò yé mi. Ìwọ wí pé "ka". Ìyá mi kì í wí bẹ́ẹ̀. "Ki" ni tirẹ̀, ó dá mi lójú. Ṣé ó ṣì í gbọ́ ni?

Èmi ni ìyá rẹ,
Clara


Sabon Gari, Zaria
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, 1927

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo kí Ọmọlará. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ má rò pé kò wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Ẹ kò mọ irú ẹní tí èyí jẹ́. Ó ti pẹ́ láyé kí a tó bí yín. Bí a bá tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ní Òfà, erùpẹ̀ pupa, omi òjò, ewúrẹ́ àti adìyẹ, kò ní la ọdún kan já. Òyìnbó náà ní irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ mọ́, ara ògiri ni à ń fi í kọ́. N ó mú méjì yòókù wá fún yín. Wọ́n pupa, wọ́n sì nípọn. Èyí nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá wá sí Zaria, ẹ ó jókòó sórí àga, ẹ ó sì máa wò ó.

Dúrójaiyé


Òfà
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, 1927

Dúrójaiyé,

Kar ki taka. Ohun tí o kọ sí mi nìyẹn.

Clara


Sabon Gari, Zaria
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 1927

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀.

Ìwé yín ti dé láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ń gbé e kiri nínú àpò ẹ̀wù, bí mo bá ti fẹ́ fèsì, inú á bí mi. Mo bínú sí yín ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì mo bínú sí Sàlíhù, ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rìn wọ inú birni. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò mọ èyí tí n ó sọ òkò lù. Àwọn arúgbó tó jókòó lábẹ́ ògiri ń kí mi, "Sannu, sannu." Mo kọjá láìwo ojú wọn.

Ẹ béèrè nípa "ki". Ìyá àgbà kò ṣì í gbọ́. Ní èdè Hausa, bí ọkùnrin bá ni à ń bá wí, "ka" ni à ń wí. Bí obìnrin bá ni, "ki" ni. Òun gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, bí wọ́n sì ti ń sọ ọ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ padà. Mo ti ń gbé níhìn-ín láti ìgbà yìí wá, mo ń sọ Hausa láàárọ̀ lálẹ́, n kò gbọ́ ọ. Mo mọ orin tí a fi kọ, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Zaria. Mo ti gba ààyè. Mo ti tú u kúrò lára ògiri, mo ti ká a, mo fi okùn dì í. Òyìnbó rí i lọ́wọ́ mi, ó bi mí ibi tí mo ń gbé e lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi àgbà. Ó dìde lórí àga, ó ní ṣé orí mi pé. Àpá ẹsẹ̀ Yàkúbù ṣì wà lára rẹ̀, n kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni n ó bá wá. Kí Ọmọlará sọ fún Mobọ́lá pé mo tọrọ àforíjì, kí ó dákun wá dúró dè mí nílé wa. Kí ó gba ọ̀nà oko wá, kó má ṣe yà sí odò. Ẹ̀yin náà, ìyá mi, bí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀, ẹ jáde wá bí ẹ bá ṣe wà.

Ẹ má fọ ẹsẹ̀.

Ọmọ yín,
Dúrójaiyé